Àga Tó Gbó: Ká Tún Un Bò Ni, Àbí Ká Ra Òmíràn?

Ẹ dojú àga yín délẹ̀ kí ẹ tó pe oníṣẹ́ kankan. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún ẹni tó bá bi mí bóyá kí òun tún sófà òun bò tàbí kí òun lọ ra òmíràn. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fi ọ̀bẹ tú aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo abẹ́ rẹ̀ ní igun kan, kí ẹ wá wo igi tó wà níbẹ̀. Aṣọ tó ya àti fóòmù tó ti rì kì í ṣe wàhálà. Ọjọ́ díẹ̀ ni oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń pààrọ̀ wọn. Igi ni egungun àga. Bí egungun bá ti ṣẹ́, aṣọ olówó ńlá kò lè gbé e dìde.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Bàbá mi ra àga onígi ìrókò kan ní Ìbàdàn ní ọdún 1978: oníjókòó mẹ́ta kan, oníjókòó kan mẹ́rin. Orí rẹ̀ la ti ṣe iṣẹ́ iléèwé, orí rẹ̀ ni àlejò ń sùn nígbà ọdún. Lẹ́dà pupa ló kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà ó wọ àrán aláwọ̀ ewé. Nígbà tó kàn mí láti tún un bò, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ní iṣẹ́ wọn ń dán, ní oṣù kọkànlá, kó lè bá Kérésìmesì. Ó sì dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí Ọdún Àjíǹde tó dé, ẹni tó bá jókòó sí i ti ń rì títí ìdí rẹ̀ á fi kan igi. Nígbà tí a tú u, èérún fóòmù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ la bá nínú rẹ̀. Sípíríìnì irin tó ti wà níbẹ̀ láti 1978 kò sí mọ́. Àpò ìrẹsì ni wọ́n nà dípò rẹ̀. Owó fóòmù tuntun ni mo sì san. Ohun tí mo fẹ́ fi wéra nísàlẹ̀ yìí, ohun tí mo ti fi owó ara mi kọ́ ni.

Ọ̀nà mẹ́rin tó wà níwájú yín

Ẹni tí àga rẹ̀ gbó lè tún un bò. Ó lè ra tuntun, lọ́wọ́ àwọn onífọ́níṣọ̀ ẹ̀bá títì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó lè ra tòkunbọ̀. Ó sì lè fi kọ́fà bò ó, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kọ́fà ni owó rẹ̀ kéré jù, ìyẹn aṣọ tó ń fà tí wọ́n ń wọ̀ fún sófà bí ẹni wọ ẹ̀wù fún ọmọ. Ó dára fún ilé tí ọmọ kékeré wà, torí ẹ lè bọ́ ọ, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a. Àmọ́ kò tún nǹkan kan ṣe. Àga tó ti rì ṣì rì lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá dìde lẹ ó sì máa fà á bọ̀ sípò. Mo gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tí fóòmù rẹ̀ ṣì le, tó jẹ́ pé àwọ̀ aṣọ nìkan ló sú u.

Ní ti ríra tuntun, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ ni pé a máa ń fi owó àtúnṣe wé owó àga tuntun tó pọ́ọ́kú jù tí a rí lẹ́bàá títì. Ìfiwéra yẹn kò tọ́. Àga ìrókò tó ti gbé ìran méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ àga onígi funfun tí wọ́n kàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà iye tó máa gbà láti fi irú igi kan náà kan irú àga kan náà, iye yẹn ni kí ẹ fi wé owó àtúnṣe. Bí owó àtúnṣe bá kọjá ìdajì rẹ̀, èmi máa ń ronú sí i dáadáa. Bí kò bá tó ìdajì, mo ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Tòkunbọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn àga tí wọ́n ń kó wá láti Ìlú Ọba máa ń ní páálí kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ tìmùtìmù tàbí abẹ́ ìjókòó. Òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1988 ló fà á: fóòmù àti aṣọ àga ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí iná kì í tètè ràn. Bí páálí náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé irú fóòmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ẹ fẹ́ gbé sófà yín fún oníṣẹ́ níbẹ̀, òfin yẹn kan aṣọ àti fóòmù tuntun tó bá fi sí i pẹ̀lú. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbé aṣọ tí ẹ rà ní Èkó lé e lọ́wọ́.) Ohun tí mo ń bẹ̀rù lára tòkunbọ̀ ni ìdun. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán aṣọ rẹ̀ àti abẹ́ ibi tí ìjókòó ti pàdé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó-tò-tó bí ẹni fi báírò tọ́ ọ, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìdun tó bá wọlé kì í dúró sí orí àga nìkan. Ohun kejì ni pé igi inú ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe igi gidi, ìyẹn ló sì mú wa dé orí ọ̀rọ̀ igi.

Igi: ibi tí ìdájọ́ wà

Àga àtijọ́ ilé wa, ìrókò, ọ̀gánwó, apá, máńsóníà tàbí tíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Ikán kì í fẹ́ràn ìrókò, ó lè gbó ju ẹni tó ni ín lọ. Àwọn tí wọ́n ń kàn ní kíákíá báyìí, tí wọ́n sì ń fi aṣọ bò látòkè délẹ̀ kí ojú má baà rí igi rẹ̀, àrẹ̀rẹ̀ ló máa ń wà nínú wọn. Àrẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ó funfun, ó rọrùn láti rẹ́, ìṣó ń wọ inú rẹ̀ láìjà. Kò burú fún ẹ̀yìn àga. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ igi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ìwúwo ènìyàn mẹ́ta tó ń jókòó lé e lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí ẹ ní? Ẹ gbé igun kan sókè. Igi gidi wúwo. Àga oníjókòó mẹ́ta tí ènìyàn kan lè gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan láìmí hẹlẹ, igi fífúyẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ níbi tí wọn kò kùn: ìrókò máa ń pọ́n díẹ̀ bí oyin tàbí kó dúdú díẹ̀, àrẹ̀rẹ̀ máa ń funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ fi orí ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ó rọ̀. Bí ìyẹ̀fun fúlẹ́fúlẹ́ bá dà sílẹ̀ lábẹ́ àga nígbà tí ẹ gbá a, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì rí ihò róbótó-róbótó lára igi náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di apá àga kan mú, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá ń ké wíwí, oríkèé rẹ̀ ti tú. Èyí kò burú tó bí etí ṣe gbọ́ ọ. Ọyẹ́ ló sábà máa ń fà á: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi inú igi jáde, igi ń sún kì, oríkèé á sì tú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ki orí igi kan bọ inú ihò igi kejì ni, bí àwọn káfíńtà àtijọ́ ti ń ṣe, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tú u, kó fi gọ́ọ̀mù igi sí i, kó dì í mọ́ra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá jẹ́ pé ìṣó nìkan ni wọ́n fi kàn án, ó gbọ́dọ̀ kan igi onígun mẹ́ta sí igun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kó kàn fi ìṣó mìíràn kún èyí tó ti mì.

Èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti tún ṣe ni àga tí egungun rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀. Ó pọ̀ nínú àwọn sófà tó ń dán tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Omi díẹ̀ báyìí, ó ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ìṣó kò sì ní dì í mú mọ́. Ẹ lè tún un bò lónìí, kó ṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ tuntun.

Bí ibì kan péré bá ti jẹrà, ìyẹn ṣe é pààrọ̀. Ní Ìbàdàn, káfíńtà á lọ sí ọjà pákó Bódìjà. Ní Èkó, á lọ sí ọjà pákó tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé irú igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́. Ìrókò tó dàgbà ti wọ́n, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa tà á ní owó àrẹ̀rẹ̀. Bí ó bá mú owó kékeré wá, ẹ ti mọ ohun tó fẹ́ fi sí i.

Ta ni kí a gbé e fún?

Irú oníṣẹ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀gá tó ní ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá títì, tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, máṣíìnì ìránṣọ kan, àti àwọn àga tí wọ́n ti bọ́ láṣọ tí wọ́n tò síta. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ sì lè dúró kí ẹ máa wo iṣẹ́ yín. Àléébù rẹ̀ ni òjò àti eruku, àti pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá ló máa gé aṣọ yín.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìwé owó wà, ọjọ́ wọn sábà máa ń pé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣẹ́ẹ̀dì kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ lọ, ẹ̀yin lẹ sì ń san owó gíláàsì. Nígbà tí wọ́n rẹ́ mi jẹ yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni mo gbé àga wọ̀. N kò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan, torí ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹ̀kẹta ni oníṣẹ́ tó ń wá sílé, tó ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún àga tó wúwo tàbí tó ní ìtàn. Kò sí owó ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa fi fóòmù yín ṣe pààrọ̀, gbogbo ohun tó wọ inú àga lẹ ó fi ojú ara yín rí. Ibi tó kù sí ni ìránṣọ: tí kò bá gbé máṣíìnì wá, yóò gbé aṣọ lọ rán níbòmíràn, etí rẹ̀ lè má bá ara mu. Eruku tó máa wà nílé fún ọjọ́ mẹ́ta náà kì í ṣe kékeré.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè kan náà ni mo ń fi dán wọn wò. Mo máa ń ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí inú èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́." N kì í béèrè èyí tí wọ́n ti parí, torí gbogbo àga tí wọ́n ti parí ló ń dán. Èyí tí wọn kò tíì bò ni mo fẹ́ rí. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé e wá pẹ̀lú ìdùnnú, á sì máa ṣàlàyé: "Ẹ wò ó, Mà, sípíríìnì rẹ̀ nìyí, bẹ́líìtì rẹ̀ nìyí." Ẹni tó bá ní "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, kò séwu," tí kò sì gbé nǹkan kan wá, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun tí ẹ ó wò nínú rẹ̀ ni ohun tó gbé ìjókòó dúró. Sípíríìnì irin tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò ló dára jù. Bẹ́líìtì tó ń fà, tí wọ́n hun bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, ni ìkejì. Túùbù táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá nà án dáadáa tó sì sún mọ́ra, mo ti rí èyí tó lo ọdún púpọ̀. Àpò nìkan kò lè gbé ènìyàn dúró. Orí sípíríìnì ló yẹ kó wà, kí irin má baà máa gé fóòmù.

Fóòmù: ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, bẹ́ẹ̀ sì ni fóòmù rí. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, torí aṣọ á bò ó. Ọwọ́ pàápàá ń tanni: fóòmù tí kò dára lè le lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kó sì rì láàárín oṣù mẹ́ta. Líle yàtọ̀ sí ìwúwo. Ìwúwo ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Kílò tó wà nínú mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Fún ìjókòó, ẹ wá èyí tó tó kílò 28 sí 35. Fún ẹ̀yìn àga, 18 sí 24 tó, torí ẹ̀yìn kò gbé wa dúró. Oníṣẹ́ á sọ nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá wù ú fún yín, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Tìmùtìmù ìjókòó tó jẹ́ ínṣì 24 sí 24, tó nípọn tó ínṣì 5, tí fóòmù rẹ̀ jẹ́ 30, yóò wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 1.4. Bó bá jẹ́ fóòmù 16 ni wọ́n gé, kò ní tó kílò 0.8. Òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun ní ilé ìdáná tó láti mọ òtítọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé òṣùwọ̀n mi lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹni tó tún gé fóòmù fífúyẹ́ fún mi.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: fóòmù tí wọ́n fi èérún oríṣiríṣi tẹ̀ pọ̀, tó ní àwọ̀ pupa, búlúù àti funfun nínú, wúwo gan-an, yóò sì yege lórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ṣe é fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n wá gbé fóòmù odindi tó rọ̀ lé e lórí. Bó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú àga. Odindi fóòmù láti ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Vitafoam ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1962, Mouka náà ti pẹ́, àwọn tó ń ta ọjà wọn sì pọ̀ ní gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá gé e níwájú yín láti ara odindi, ọkàn yín á balẹ̀.

Bí fóòmù àtijọ́ yín bá ṣì ń padà sípò nígbà tí ẹ bá fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o lọ. Ẹ ní kí wọ́n lò ó fún ẹ̀yìn àga.

Aṣọ

Orí aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì fi ṣe ìkẹyìn. Èyí ni bí mo ṣe rí wọn:

| Aṣọ | Ohun tó dára nínú rẹ̀ | Ohun tó burú nínú rẹ̀ |
|---|---|---|
| Lẹ́dà | Omi, ìtọ̀ ọmọ àti ọbẹ̀ ṣe é nù kúrò | Ó ń lẹ̀ mọ́ ara nínú ooru. Ó ń ṣí tàbí ó ń là |
| Àrán | Ó rẹwà, ó rọ̀ | Ó ń gba eruku. Ojú ìjókòó ń pá |
| Súwéèdì | Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó rọ̀ | Òróró àti omi ń fi àmì sí i |
| Aṣọ híhun tó nípọn | Afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, ó ń pẹ́ | Ọbẹ̀ tó bá dà sí i kì í tètè kúrò |

Ọ̀rọ̀ lẹ́dà ń dùn mí. Ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́dà ní ọjà wa, awọ ẹran kọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n da rọ́bà lé lójú ni. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa ló ń bà á jẹ́: lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò bí awọ ara ẹni tí omi gbígbóná jó, kò sì sí àtúnṣe fún un. Èyí tó le lọ́wọ́ ń pẹ́ jù ú, àmọ́ bí oòrùn bá ń wọlé bá a láti ojú fèrèsé, á gbẹ, á sì là. Ìpara irun pẹ̀lú ń ba ibi ìgbérílé jẹ́ lára méjèèjì. Ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí iná kò sì dúró, n kò rí ìdí tó fi yẹ kó fi lẹ́dà bo gbogbo àga. Àga tó wà nínú yàrá tí ọmọ ń ṣeré sí ni mo máa fi lẹ́dà bò.

Aṣọ híhun tó nípọn ni mo yàn fún àga bàbá mi, búlúù tó dúdú díẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ fa fọ́nrán rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì; bó bá yà sọ́tọ̀, ojú rírán rẹ̀ á là láìpẹ́. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra ojú rẹ̀: bí àwọ̀ bá yọ sí áńkáṣíìfù, yóò yọ sí aṣọ àlejò. Àwọn aṣọ kan tó ti Yúróòpù wá máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Martindale, iye ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ra á kó tó gbó. Fún pálọ̀, 20,000 sókè ló dára.

Àwọn kan ń béèrè bóyá wọ́n lè fi àdìrẹ tàbí aṣọ òkè bo àga. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí aṣọ ilẹ̀ wa dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe ìrọ̀rí orí àga. Aró tí wọ́n fi ẹ̀lú pa máa ń yọ sí ara, oòrùn sì ń pa àwọ̀ rẹ̀. Ní ti aṣọ òkè, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, gbogbo ojú rírán yẹn ni ìdí ènìyàn á máa fà lójoojúmọ́. Lára ìrọ̀rí, méjèèjì á pẹ́, wọ́n á sì ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ ra aṣọ fúnra yín. Fún àwọn ará Èkó, apá Ọlọ́sà ní Mushin ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń rà á. Ẹ bá oníṣẹ́ yín lọ tàbí kí ẹ dá lọ. Aṣọ àga sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 54. Oníjókòó mẹ́ta ń gba nǹkan bí ọ̀pá 8 sí 10, oníjókòó kan ń gba 3 sí 4. Bí aṣọ náà bá ní òdòdó ńlá tó gbọ́dọ̀ bára mu níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi ọ̀pá kan tàbí méjì kún un. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wọn àga yín kó tó sọ iye ọ̀pá; ẹni tó bá sọ ọ́ láti ojú ọ̀nà, tí kò fi téèpù kan àga, ń fi nǹkan pamọ́ sínú iye náà. Àjákù tó bá kù, tiyín ni. Ẹ gbà á padà, ẹ ó rí ìlò rẹ̀ lọ́jọ́ tí apá àga bá ya.

Owó, ìwé àti ọjọ́

Kí owó iṣẹ́ dá wà lọ́tọ̀, kí owó fóòmù dá wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí iye kan ṣoṣo, ẹ ò ní mọ ibi tó ti gé e. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé pélébé: irú fóòmù, ìnípọn rẹ̀, bóyá sípíríìnì àtijọ́ dúró síbẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ẹ ya fọ́tò inú àga kí ẹ tó gbé e jáde nílé. Ìdajì owó iṣẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. N kì í san gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà ẹ̀ẹ̀mejì: nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ ọ sí egungun tí wọ́n sì ti tún igi ṣe, àti nígbà tí fóòmù bá ti wà lórí rẹ̀ kí aṣọ tó bò ó. Bí ẹ bá lè yọjú síbẹ̀ nígbà kejì yẹn, ó dára ju fọ́tò lọ.

Oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ni ìgbà tó burú jù láti gbé àga lọ. Gbogbo ayé fẹ́ kí pálọ̀ àwọn dán kí àlejò ọdún tó dé, oníṣẹ́ á sì gba iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá kò yàtọ̀. Ìgbà òjò pẹ̀lú kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí oníṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ síta, torí gọ́ọ̀mù kì í tètè gbẹ, fóòmù tó bá sì gba omi á máa rùn. Oṣù kejì àti ìkẹta ni mo máa ń yàn. Ọwọ́ wọn ti dilẹ̀, ojú ọjọ́ gbẹ, owó pàápàá ṣe é dúnàádúrà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbé e, ẹ jókòó sórí gbogbo ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dìde, kí ẹ wò ó bóyá ó padà sípò. Ẹ fi ọwọ́ tẹ apá rẹ̀ nínú, níbi tí fóòmù máa ń fẹ́lẹ́, kí ọwọ́ yín má ṣe kan igi. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹ ti ṣe nílé. Nígbà tí èmi dojú àga bàbá mi délẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́ kejì tó tún un ṣe, ó ti fi sípíríìnì tuntun sí i, ó sì ti ki oríkèé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dì í sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó ka owó tó kù lé e lọ́wọ́.